Ipò Lẹ́nu Iṣẹ́ Ológun: Ẹ Wo Ẹnu Ọ̀nà Kí Ọmọ Tó Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, wáráǹtì ọ́físà tó ti fẹ̀yìn tì, bá wa sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Ìkẹjà àti Agége

Akọ̀wé ní ogún ìṣẹ́jú ni mo ní. Bí mo bá kọjá rẹ̀, ẹ lu tábìlì, mi ò ní bínú.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, òbí bíi márùn-ún nínú ẹgbẹ́ yìí ló ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀gbà nítorí ọmọ wọn tó fẹ́ ṣe ṣọ́jà. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó lè di jẹ́nẹ́rà?" Kò sẹ́ni tó bi mí pé ẹnu ọ̀nà wo lọmọ náà fẹ́ gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà yẹn ló máa sọ ibi tó lè ga dé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Ológun orí ilẹ̀ ni mo ṣe, òun ni mo mọ̀. Àwọn ti òfúrufú tí wọ́n wà níbí ní Ìkẹjà àti àwọn ti ojú omi ní orúkọ tiwọn fún ipò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ìlànà wọn ò jìnnà síra.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Zaria, ní Depot. Ọmọ tó ní ìwé ẹ̀rí WAEC tàbí NECO ló ń gbà á. Bó bá parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́jà lásán ni, ìyẹn private. Lẹ́yìn náà ló kan láńsì kọ́pùrù, kọ́pùrù, sájẹ́ńtì, sítáàfù sájẹ́ńtì, kó tó wá di wáráǹtì ọ́físà. Ibẹ̀ ni òrùlé wà. Ẹni tó gba ọ̀nà yìí wọlé, bó ṣiṣẹ́ bí Ògún fúnra rẹ̀, orí rẹ̀ á kan òrùlé yẹn. Àwọn kan máa ń fò ó tí wọ́n ń di ọ́físà, àmọ́ wọn ò pọ̀, ẹ má fi ìyẹn tan ọmọ jẹ. Ìgbéga náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iye ọdún nìkan. Kọ́ọ̀sì wà, ìdánwò wà, àyè gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, ìwà sì gbọ́dọ̀ mọ́. Mo mọ sájẹ́ńtì kan tí ọtí ọjọ́ kan ṣoṣo sọ di kọ́pùrù padà. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi wá ìlà kẹta yẹn kó tó tún bọ́ sí i lápá.

Kaduna ni ẹnu ọ̀nà kejì, Nigerian Defence Academy tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964. JAMB ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò, dìgírì sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá jáde, ó ti di sẹ́kọ́ńdì lẹ́fútẹ́náǹtì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún! Sájẹ́ńtì tó ti lo ọdún méjìdínlógún lẹ́nu iṣẹ́ máa dúró gbọingbọin kí i. Èmi náà kí wọn. Mo kí wọn tán, mo tún kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé bírèkì ọkọ̀ ti ń lọ. Kò bí mi nínú, torí mo mọ ẹnu ọ̀nà tí mo gbà.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ti kàwé jáde tẹ́lẹ̀: dókítà, ẹnjiníà, lọ́yà àti irú wọn. Direct Short Service ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kọ́ wọn níṣẹ́ ológun fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì jáde bí ọ́físà. Èyí gan-an ló kan àwa. Láti ọdún 1982 ni yunifásítì ti wà nílé wa. Àwọn ọmọ wa ń gba dìgírì lójú ọ̀nà ilé bàbá wọn. Àmọ́ àìríṣẹ́ ti lé òmíràn débi pé ó kó ìwé ẹ̀rí yunifásítì pamọ́, ó mú ti WAEC nìkan lọ sí Zaria. Mo bá irú wọn gbé bárékè. Lọ́dún àkọ́kọ́, inú wọn ń dùn pé owó oṣù ń wọlé. Ọdún karùn-ún ni wàhálà ń dé, nígbà tí ẹni tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì bá wọlé bíi kápẹ́ẹ̀nì, tí òun sì ń ru àmì láńsì kọ́pùrù. Ìbínú yẹn kì í bọ̀rọ̀ tán. Ó ń ba iṣẹ́ jẹ́, ó sì máa ń tẹ̀ lé e délé lọ bá ìyàwó. Mi ò sọ pé kí ebi pa ọmọ nígbà tó ń retí ọ̀nà kẹta. Bó bá máa gba Zaria, kó mọ̀ pé Zaria lòun gbà, kó má lọ máa fi ojú Kaduna wo ara rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọ́físà ń sùn ní ìrọ̀rùn. Ọ̀nà tiwọn fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì dín lókè. Ìdánwò wà kí lẹ́fútẹ́náǹtì tó di kápẹ́ẹ̀nì, ó tún wà kí kápẹ́ẹ̀nì tó di méjọ̀, lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ Jaji. Bí ìgbìmọ̀ bá wá fò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilé ló ń lọ. Jẹ́nẹ́rà pàápàá ò mọ ọjọ́. Ní June 2023, wọ́n fi Taoreed Lágbájá, ọmọ Ìlobùú, ṣe olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Kọ́ọ̀sì 39 ni wọ́n jọ jáde. Bí àṣà iṣẹ́ wa ṣe rí, ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n olórí tuntun kò lè dúró lábẹ́ rẹ̀, torí náà ọ̀pọ̀ jẹ́nẹ́rà tó ṣáájú rẹ̀ ní láti di ẹrù wọn. Wọn ò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ìtàn kan wà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò bá mọ̀, torí ọmọ ìlú wa ló ṣẹlẹ̀ sí, Ìkẹjà níbí sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n bí Babáfẹ́mi Ògúndípè ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́dún 1924. Ìgbà ogun Hítílà ló wọṣẹ́ ṣọ́jà, ó jà ní Burma, ọmọ ogun lásán ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó fo òrùlé tí mo ń sọ yẹn, ó gòkè títí ó fi di bìrìgédíà. Ní July 1966, nígbà tí wọ́n pa Ironsi àti Fájúyì ní Ìbàdàn, Ògúndípè ni ipò rẹ̀ ga jù nínú àwọn ológun tó kù. Lójú ìwé, òun ló kàn. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ ti gba bárékè Ìkẹjà àti pápákọ̀ òfúrufú. Ó rán ọmọ ogun sí wọn, wọ́n dá wọn padà. Wọ́n ní ó pàṣẹ fún ṣọ́jà kékeré kan, ìyẹn sì dá a lóhùn pé àfi bí kápẹ́ẹ̀nì òun bá sọ̀rọ̀. Bìrìgédíà lódindi! Gowon, lẹ́fútẹ́náǹtì kọ́nẹ́ẹ̀lì, ló wá di olórí ìjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù August. Ògúndípè lọ ṣe aṣojú wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló kú sí ní 1971. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń rántí bàbá náà bí mo bá gba ẹnu géètì bárékè Ìkẹjà wọlé. Àmì wà lára aṣọ, ẹnu kò sì ràn mọ́.

Ẹ máa ní, kí ló wá ń tẹ́ ṣọ́jà lọ́rùn nígbà náà? Ẹ bá mi rin Ọba Àkrán láàárọ̀ ọjọ́ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹ wo àwọn tó ń ṣí géètì àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn. Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wọn. Mo mọ èyí tó jẹ́ wáráǹtì ọ́físà bíi tèmi. Ó ń kí ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún pé "ẹ káàárọ̀ sà". Nínú ọgbà kan náà, sájẹ́ńtì kan wà tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń pè bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́. Mẹkáníìkì ni nínú ológun. Ìlà mẹ́ta péré ló ní lápá, àmọ́ alákòóso ilé-iṣẹ́ ló ń dúró dè é. Èmi ò kẹ́gàn iṣẹ́ géètì o, iṣẹ́ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ipò ò bá ẹnì kankan jáde ní bárékè, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń báni jáde. Kí ọmọ tó wọlé, kó mọ ẹ̀ka tó fẹ́: mẹkáníìkì, iná, ilé kíkọ́, nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní Òṣòdì fún àwa tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ń kọ́ni níṣẹ́ níbẹ̀ kéèyàn tó jáde. Ó dára. Àmọ́ oṣù díẹ̀ kò lè ṣe ohun tó yẹ kí ogún ọdún ti ṣe.

Ilé náà ńkọ́? Ilé bárékè kì í ṣe tiwa, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni a ó kó jáde. Èyí tí kò bá ní ilẹ̀ tàbí yàrá kan níbì kan ló ń yá ilé ní Agége pẹ̀lú gíràtúítì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì náà, ẹ ti rí àwọn àgbà ṣọ́jà tó lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó ní Àbújá nítorí owó tí wọ́n ní wọn ò tíì rí gbà. Ẹ̀yin ìyàwó ṣọ́jà tó wà níbí, ẹ bi ọkọ yín lálẹ́ òní: orúkọ ta ló kọ sílẹ̀ bí ẹni tó máa gba owó bí nǹkan bá ṣe é? Ẹ má bínú, ìbéèrè yẹn kì í ṣe èpè. Mo ti rí opó tó jẹ́ pé orúkọ ìyá ọkọ, tó ti kú, ló ṣì wà nínú ìwé.

Tábìlì ti ń dún, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Fọ́ọ̀mù ológun kì í ṣe títà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín rí ọ̀gá kan, ẹ kọ́kọ́ pe èmi kí ẹ tó pe báǹkì.

Láti aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ọmọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kì í ṣe bàbá rẹ̀, kó sì mú gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání, títí kan èyí tó fẹ́ kó pamọ́.