Ìbọn ìṣeré tó dá ẹrù èèyàn 9 dúró ní èbúté: Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣòwò Yorùbá sọ ní Adum

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tajà ní Adum, nílùú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, sọ níbi ìpàdé wọn.

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, mi ò ní pẹ́ jù. Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kó ẹrù wọlé láti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ ẹrù pọ̀, kò ṣe é sọ tán nírọ̀lẹ́ kan, nítorí náà ẹrù kan ṣoṣo ni mo mú: ìbọn ìṣeré ọmọdé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Àbúrò ìyá mi ń ta ohun ìṣeré ọmọdé níbí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Òun náà ló wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, ó sì ti gbà kí n sọ ọ́. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí Kérésì ń bọ̀, òun àti oníṣòwò 8 mìíràn dáwó jọ, wọ́n sì jọ kó ẹrù sínú kọ̀ńtẹ́nà kan láti China. Bọ́ọ̀lù, ọmọláńgidi, mọ́tò kéékèèké àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé ló pọ̀ jù nínú ẹrù tirẹ̀. Páálí 2 péré ni ìbọn. Orí fóònù ló ti rí àwòrán wọn: dúdú tó ń dán, tó rí gẹ́lẹ́ bí èyí tí ọlọ́pàá ń fi sí ìbàdí, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ó ní àwọn ọmọ máa fẹ́ràn rẹ̀.

Àjẹ́ńtì tó bá wọn ṣètò ẹrù kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun ìṣeré àti nǹkan oníke ni. Ó ṣeé ṣe kí òun náà má mọ ohun tó wà nínú páálí. Nígbà tí kọ̀ńtẹ́nà dé èbúté, tí wọ́n gbé e gba abẹ́ ẹ̀rọ ayàwòrán, ìbọn tó tò lọ bẹẹrẹ ló hàn sí wọn. Ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà. Wọ́n dá ẹrù dúró, wọ́n pe àwọn agbófinró mìíràn, wọ́n tú páálí kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 9 ló ni ẹrù, ẹnì kan ló ra ìbọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni owó ilẹ̀ ń gorí lójoojúmọ́. Ẹni tó kó aṣọ ọdún ń ka ọjọ́, ẹni tó kó iná Kérésì ń ka ọjọ́. Ìgbà tí wọ́n máa fi ẹrù sílẹ̀, a ti ń sọ̀rọ̀ ọdún tuntun. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé páálí méjèèjì. Àǹtí mi kò dé àtìmọ́lé, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú àwọn 8 yẹn tí kì í kí i títí dòní.

Mi ò ní dárúkọ èbúté náà, mi ò sì ní dárúkọ àjẹ́ńtì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà.

Ta ló sọ pé ìbọn ni, ta ló sọ pé ohun ìṣeré ni?

Ìwé kan wà tí àwọn aṣọ́bodè káàkiri àgbáyé fi ń pín ọjà sí ìsọ̀rí. Ghana ń lò ó, Nàìjíríà ń lò ó, Benin àti Togo náà ń lò ó. Nínú ìwé yìí, orí 93 ni ti ohun ìjà, orí 95 sì ni ti ohun ìṣeré. Orí 93 fúnra rẹ̀ sọ pé ohun ìṣeré kò sí lábẹ́ òun. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ìbọn ike àti ọmọláńgidi ìbá jọ wà ní ìsọ̀rí 9503, kálukú ìbá san owó ibodè rẹ̀, kó máa lọ.

Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí 9304 wà níbẹ̀, ti ohun ìjà, ó sì kan ìbọn tó ń fi afẹ́fẹ́ tàbí sípíríǹgì yin nǹkan jáde. Ẹ̀yin náà mọ irú èyí tó ń yin ọta ike róbótó-róbótó, tí àwọn ọmọ fi ń lé ara wọn kiri lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tó ń tà á ní Guangzhou tàbí Yiwu máa pè é ní ohun ìṣeré. Aṣọ́bodè lè yẹ̀ ẹ́ wò kó ní ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kó ẹrù tipẹ́, ọ̀rọ̀ ta ló máa ń borí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Èkó kó ẹrù, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. Òfin ìbọn ti Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1959, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó ní in, òun àti ìbọn olójú méjì tí wọ́n fi ń ṣọdẹ. Ṣakabùlà ní ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà sì tún ní àkójọ ọjà tó jẹ́ èèwọ̀ pátápátá, tí ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n pa ìrísí rẹ̀ dà wà lára wọn. Owó ẹyọ náà wà nínú àkójọ yẹn, ewé tíì tí wọ́n ti sè rí náà wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n òfin tó pẹ́ ṣì ni òfin.

Ní Ghana níbí, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ẹni tó bá fẹ́ kó ìbọn àti ọta wọlé. Lọ́dún 2007, òfin 736 dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn kéékèèké, ojú àjọ yìí sì wà lára ìbọn ìṣeré tó jọ ojúlówó. Láti ọdún 2020 ni ètò ìwé ẹrù ti wà lórí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n ń pè ní ICUMS. Ohun tí àjẹ́ńtì yín bá kọ síbẹ̀, orúkọ yín ló kọ ọ́ mọ́. Ẹni tó kọ "nǹkan oníke" sórí páálí ìbọn lè rò pé òun ń dín wàhálà kù. Tí wọ́n bá tú u, ẹ̀sùn náà ti di méjì: ti ohun tó wà nínú páálí, àti ti irọ́ tó wà nínú ìwé.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí

Mo mọ ohun tí ẹnì kan ń sọ nínú. Ó ń sọ pé, ike lásán, kí ló dé tí wọ́n ń ṣe báyìí? Ẹ jẹ́ ká gbà pé àwọn aṣọ́bodè náà ní ohun tí ojú wọn ti rí.

Ní oṣù Kínní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà mú kọ̀ńtẹ́nà kan ní Mile 2 l'Ékòó. Ìlẹ̀kùn irin ló wà níwájú ẹrù. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni ìbọn 661 wà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pump action. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti mú ẹrù ìbọn mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta síi. Lọ́dún 2024, ní èbúté Onne, ìbọn 844 àti ọta 112,500 ni wọ́n bá nínú kọ̀ńtẹ́nà kan tó wá láti Turkey, tí wọ́n kó pamọ́ sáàárín ẹrù mìíràn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Àwọn tó fi ìlẹ̀kùn bo ìbọn gidi mọ́lẹ̀ ni wọ́n ba ọjà àǹtí mi jẹ́.

Tí ẹrù bá sì kọjá èbúté, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ẹni tí wọ́n na ìbọn sí nínú òkùnkùn kì í béèrè bóyá ike ni. Ó máa gbé fóònù sílẹ̀, ó máa gbé owó ọjà sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú kì í dúró bèèrè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ní ìlú Cleveland l'Ámẹ́ríkà, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọ ọdún 12 kan tó ń fi ìbọn ìṣeré ṣeré nínú ọgbà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ọkọ̀ wọn dúró ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Láti ọdún 1988 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní àmì aláwọ̀ ọsàn lẹ́nu. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, àmì yẹn ti kúrò lára rẹ̀.

Kí a má sì sọ pé Amẹ́ríkà nìkan ni. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́ 7 láti Zongo tiwa ní Kumasi níbí, lágbègbè Manso Nkwanta. Wọ́n ní adigunjalè ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ kò rí ẹ̀rí pé adigunjalè ni wọ́n, ìjọba sì san owó fún ìdílé wọn. Kò sí ìbọn ìṣeré nínú ọ̀rọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ bí ó ṣe yá tó kí wọ́n tó pe ọmọ èèyàn ní adigunjalè nílùú yìí, ṣé ó tún máa ta ohun tó jọ ìbọn fún un?

Àwọn tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí London

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń bá ará ilé tó wà ní Peckham ṣòwò. Ní Britain, òfin ọdún 2006, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kẹwàá ọdún 2007, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ṣe ayédèrú ìbọn tó jọ ojúlówó, láti tà á, tàbí láti kó o wọlé. Àwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Tí gbogbo ara rẹ̀ bá jẹ́ pupa tó mọ́ rokoṣo, tàbí àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, búlúù, pínńkì tàbí àwọ̀ àlùkò, tàbí tí èèyàn bá lè rí inú rẹ̀ láti ìta, wọn kò ní kà á sí èyí tó jọ ojúlówó. Èyí tó kéré gan-an, tí gíga rẹ̀ kò tó 38mm, tí gígùn rẹ̀ kò sì tó 70mm, náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin yọ àwọn onífíìmù, àwọn eléré orí ìtàgé àti ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, oṣù kan péré ni olówó rẹ̀ ní láti kọ̀wé pé kò yẹ kí wọ́n gbà á. Ọ̀pọ̀ kì í tètè kọ ọ́. Wọ́n á máa pe àjẹ́ńtì, àjẹ́ńtì á ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

China tí wọ́n ti ń ṣe é fúnra rẹ̀ kò gbà á láyè. Lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ kan ní Tianjin ní kí obìnrin kan lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, nítorí ìbọn tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń yin bàlúùnù ní ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn aráàlú pariwo, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì jẹ́ kó padà sílé lóṣù Kínní ọdún 2017. Ẹ wò ó: ará China ń ta ohun tí òfin ilé rẹ̀ lè torí rẹ̀ ti èèyàn mọ́lé fún wa, àwa sì ń sanwó rẹ̀ ṣáájú.

Àwọn onífíìmù Kumawood máa ń fẹ́ ìbọn tó jọ gidi. Èmi náà máa ń wo fíìmù wọn. Tí wọ́n bá ní kí ẹ bá àwọn kó o wá, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé àṣẹ wá, kí orúkọ tiwọn wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ wo ìbọn gidi, kó lọ sí ilé olódi Kumasi tó wà ní Adum níbí, tí wọ́n ti sọ di ilé àkójọ ohun ìjà. Àwọn ọmọ ogun tó ti Èkó wá wà lára àwọn tí ogun há mọ́ inú rẹ̀ lọ́dún 1900.

Àwa tí a jẹ́ àlejò

Èyí ló ká mi lára jù. Àwọn bàbá wa kò gbàgbé oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣọ́ọ̀bù Yorùbá pọ̀ tó di títì nígbà náà. Lọ́dún 2013, òfin 865 ní àjèjì tó bá fẹ́ máa ra ọjà tà gbọ́dọ̀ ní owó mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba ọmọ Ghana 20 síṣẹ́. Lọ́dún 2019, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi níbí. Tí ọmọ onílùú bá kó páálí ìbọn ike wọlé, wọ́n lè ní kò mọ̀ ni. Tí orúkọ tó wà lórí ìwé bá jẹ́ Adébáyọ̀, ṣé ìtàn kan náà ni wọ́n máa sọ?

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ohunkóhun tó bá ní ìdí ìbọn àti ẹnu ìbọn, ẹ mú àwòrán rẹ̀ lọ bá àwọn aṣọ́bodè, kí ẹ sì gba èsì wọn lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, ìdáhùn àjẹ́ńtì kò tó. Tí ẹ bá jọ ń kó ẹrù, kí kálukú kọ ohun tó wà nínú páálí rẹ̀, kí ẹ jọ kà á kí kọ̀ńtẹ́nà tó di títì. Tí wọ́n bá sì ti dá a dúró, ẹ lọ fúnra yín. Ẹ béèrè ìwé tó sọ ohun tí wọ́n mú àti òfin tí wọ́n fi mú un, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹ má sì wá ẹni tó máa "bá yín rí wọn". Owó tí ẹ máa fún un kò ní ìwé, ẹrù yín á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àǹtí mi ní kí n má gbàgbé láti sọ pé ìbọn omi nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù òun, aláwọ̀ ewé àti pínńkì. Àwọn ọmọ ṣì ń wá béèrè dúdú, ó sì máa ń sọ fún wọn pé ó ti tán. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè. Tó bá jẹ́ ìbéèrè nípa iye tí ó san ní èbúté, òun ni kí ẹ bi, torí kò tíì sọ fún èmi náà.