Kí Ló Wà Nínú Agbè?



Ọtí ilé wa kì í ṣe oríṣi kan. Àgbàdo tí a rẹ, tí a jẹ́ kí ó hù, tí a lọ̀ tí a sì sè, ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rọ̀ ni àgàdàgídí. Bí a bá bu ìwọ̀n 1 àgàdàgídí mọ́ ìwọ̀n 2 ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kíkan a dínkù, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ a sì yọ. Ẹ jẹ́ kí ìfófòó ọ̀kọ̀ọ̀kan rọlẹ̀ ná, kí ẹ sì dán an wò nínú ife kékeré.

Ṣùgbọ́n adùn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ògún, tí àwọn ará Oǹdó ń bọ lọ́dọọdún, a máa gba emu. Emu kan náà ni èèwọ̀ Ọbàtálá. Ẹni tó bá bu emu sí àpòpọ̀ rẹ̀, tí kò wí, tó gbé e fún ọmọ Ọbàtálá, ti mú un jẹ èèwọ̀ láìmọ̀.

Nítorí náà, kí a tó gbé agbè kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Pípa ọtí pọ̀ kò burú. Àìsọ ló burú.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.