Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Gbóná, Ilé Ni Kí Ó Wà

Ẹ̀yin ará Ìláròó àti Ayétòrò, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìdìrókò àti Ìlárá létí ààlà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí a ń kó lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ni mo gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí á mú èèyi, tí àwọn dókítà ń pè ní measles. Nígbà tí Dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, àrùn yìí wà lára àwọn tí ó ń pa ọmọ wa jù. Kò tí ì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ nígbà náà. 1963 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Lónìí, a ń gbà á ní ilé ìwòsàn ìjọba nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 9, a sì tún ń gbà á ní oṣù 15. Ẹ má fi ti ẹ̀ẹ̀kejì sílẹ̀.

Èèyi kì í dúró kí ara ọmọ sú kí ó tó ràn. Ibà, ikọ́, imú tí ń ṣàn àti ojú pípọ́n ni a ń kọ́kọ́ rí. Láti nǹkan bí ọjọ́ 4 kí ara tó sú, títí di ọjọ́ 4 lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà ń kó o ran ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wúkọ́ nínú yàrá tí ó sì jáde, àrùn náà lè wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún wákàtí 2. Ẹ wá ro ti ogún ọmọ lórí ẹní!

Mo mọ èsì yín: “Ọjọ́ ọjà ni, ta ni yóò bá mi mú ọmọ?” Òótọ́ ni, ẹni tí kò tajà, kí ni yóò fi se ọbẹ̀ alẹ́? Nítorí náà ni kí ẹ ti bá ìyá àgbà tàbí ará ilé ṣàdéhùn kí àìsàn tó dé. Kí olùtọ́jú náà má sì tijú láti dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá gbà á nítorí owó ọjọ́ kan, ìyá mélòó ni yóò pàdánù ọjà lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀?

Ti ìgbẹ́ gbuuru kò gba àlàyé púpọ̀: ọṣẹ àti omi, lẹ́yìn tí a bá nu ìdí ọmọ, àti kí a tó fún un lóúnjẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ni ẹ sábà máa ń pọn àbúrò yín lọ síbẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ tètè sọ fún ìyá yín.

Ààlà kò dá àrùn dúró. Bí ẹ bá ń mú ọmọ lọ kí ẹbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Bénin, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, kí nọ́ọ̀sì tí ó bá rí i lè mọ èyí tí ó ti gbà àti èyí tí ó kù.