Ọ̀rọ̀ Tàpẹ́ẹ̀tì Mọ́tò Ẹgbẹ́ Wa
Ọ̀rọ̀ tí Alukoro sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá

Wọ́n ní kí Alukoro sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá wù ú. Àwọn kan ti rò pé owó ni a máa sọ̀rọ̀ lé, nítorí iṣẹ́ bánkì tí à ń ṣe. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnnì Camry ẹgbẹ́ ló gbà wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé ọjọ́ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wa láṣọ ya lórí mọ́tò yẹn, ẹ má bínú pé a tún dá a sílẹ̀. Àwọn àlejò wa kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mọ́tò tòkúnbọ̀ ni, oní-lítà 2.2, 5S ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Òun ló ń gbé àwọn àgbà wa lọ sí ọsibítù, òun la sì ń gbé lọ òde ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo fò sókè, a sọ ọ́ di onígáàsì. Lẹ́yìn ìyẹn ó gbóná jù, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì jó, a sì ní kí wọ́n tú u palẹ̀. Wọ́n fá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà, wọ́n lọ̀ fáàfù àti ìjókòó rẹ̀, wọ́n mú ihò sílíńdà fẹ̀ sí i, wọ́n sì ki písítìnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bọ̀ ọ́. Iye tó ná wa, akápò ní ká má dárúkọ rẹ̀ níwájú àlejò.

Oṣù méjì kò pé tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ta á láàárọ̀, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bó bá sì gbóná tán, kò ní lè gun òkè. Ọ̀kan nínú wa dìde ní ìpàdé, ó ní ìgbìmọ̀ mọ́tò ti jẹ owó. Ìgbìmọ̀ mọ́tò náà nìyí, àwa ni. Ìyẹn ló mú ká lọ dúró ti mẹkáníìkì mìíràn láti àárọ̀ títí di alẹ́, ká lè fi ojú ara wa rí i.

Ohun tí a rí rèé. Nígbà tí fáàfù bá wà ní pípadé, àlàfo tínrín kan gbọ́dọ̀ wà láàárín káàmù àti ife tó bo orí fáàfù náà. Òun ni wọ́n ń pè ní tàpẹ́ẹ̀tì. Irin tó bá gbóná a máa wú, inú àlàfo yẹn ló sì ń wú sí. Nínú ẹ́ńjìnnì 5S, kò sí nọ́ọ̀tì tí èèyàn lè yí láti fi tún un ṣe. Irin pẹlẹbẹ róbótó kan bí owó ẹyọ ló wà lórí ife náà, ṣíìmù lorúkọ rẹ̀, bó bá ṣe nípọn tó ló ń sọ bí àlàfo ṣe máa tó. Fáàfù 16, ṣíìmù 16. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, àlàfo fáàfù tó ń fa atẹ́gùn wọlé gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.19 sí 0.29 mílímítà, ti èyí tó ń lé èéfín jáde, 0.28 sí 0.38, nítorí òun ni iná ń jó jù. Bébà ìkọ̀wé mẹ́ta tí a tò léra ló tó nǹkan bí 0.3 yẹn.

Nígbà tí wọ́n lọ̀ ìjókòó fáàfù, fáàfù jìn wọ inú tọ́ọ̀pù, ìdí rẹ̀ sì yọ sókè sún mọ́ káàmù. Àlàfo bá dínkù. (Fífá ojú tọ́ọ̀pù kò sí nínú ẹ̀sùn yìí o, nítorí inú tọ́ọ̀pù kan náà ni káàmù àti fáàfù jọ wà.) Ẹni tó kọ́kọ́ tò ó kó gbogbo ṣíìmù àtijọ́ sínú agolo kan, ó wá ń mú wọn lẹ́yọ-lẹ́yọ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Kò wọn ọ̀kankan. Ní sílíńdà kẹta, fíìlà gééjì tó tínrín jù (kì í ṣe fìlà abetí ajá o) kò ráyè wọlé sábẹ́ káàmù. Fáàfù ibẹ̀ kò lè padé dáadáa mọ́ bó bá ti gbóná, iná sì ti jẹ etí rẹ̀.

A ra òmíràn, wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ ìjókòó rẹ̀, a wá wọ̀n ọ́n: 0.15, pẹ̀lú ṣíìmù 2.80. Àárín ìwọ̀n tí à ń wá ni 0.33, nítorí náà ó yẹ kí ṣíìmù fi 0.18 tínrín sí i, ìyẹn 2.62. Kò sí 2.62 lọ́jà, 0.05 ni wọ́n fi ń ju ara wọn lọ. 2.65 yóò fún wa ní 0.30, 2.60 yóò fún wa ní 0.35, méjèèjì ló sì wà nínú ìwọ̀n. Mẹkáníìkì mú 2.60. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, onígáàsì ni mọ́tò yín. Gáàsì gbẹ, á máa jẹ ìjókòó fáàfù, àlàfo á sì máa dínkù. Ẹ jẹ́ ká fún un láyè láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ń dún tíkì-tíkì díẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa dún. Èyí tó bá dákẹ́ jù ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.”

Ibi tí iṣẹ́ wa ti wúlò nìyí. A fa ìlà sórí ìwé, a kọ ipò, àlàfo àti ìpọn ṣíìmù 16 sílẹ̀ bí ìwé ìṣirò bánkì. Mẹ́sàn-án ni kò bá ìwọ̀n mu. Nígbà tí a wo ìwé náà dáadáa, ohun tí fáàfù kan kò fẹ́ ni òmíràn ń wá. A pààrọ̀ ipò fún mẹ́rin, márùn-ún péré la rà ní Ládípọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n de káàmù padà, a fi ọwọ́ yí kíráńkì yípo, a tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n lákọ̀tun. Méjì ṣì ń ṣe agídí. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó bá ìwọ̀n mu.

Ẹni tó fẹ̀sùn kàn wá ló gbé mọ́tò náà gun òkè lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní ká kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé owó kò sọnù. Ìwé tí a fa ìlà sí yẹn wà nínú mọ́tò títí di òní. A ti fẹnu kò pé a ó máa wọ̀n ọ́n ní gbogbo 15,000 kìlómítà. Èyí tó kàn kò ní pẹ́ dé. Akápò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti fi owó rẹ̀ sínú ètò ìnáwó.