Ìtẹ̀bọmi àti Ìsàmì

Ọ̀rọ̀ tí a ó tú lónìí máa ń dá iyàn sílẹ̀ ní kíláàsì àgbà, nítorí pé ará Mẹ́tọ́díìsì, ará Àgùdà àti Onítẹ̀bọmi ni wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ọ̀rọ̀ náà ni ìtẹ̀bọmi.

Ẹ jẹ́ kí a tú u bí ẹni ń tú ẹrù. Tẹ̀, bọ̀, omi: a tẹ ènìyàn bọ omi. Ẹnu wa gbé lẹ́tà o tó ṣáájú omi mì, ló fi di bọmi. Nígbà tí a wá fi ì síwájú, ó di orúkọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìrìbọmi, láti inú rì. Ọ̀kan náà ni. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ yìí kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bu omi díẹ̀ wọ́n orí. Ẹni tí a tẹ̀ bọ omi, omi gbọ́dọ̀ bò ó. Ìdí nìyí tí Onítẹ̀bọmi fi ń lọ sí odò, tàbí kí wọ́n mọ ihò omi sínú ilé ìjọsìn. Wọ́n ní bí a ti sin Jésù tí ó sì jíǹde ni onítọ̀hún ń wọlẹ̀ tó sì ń jáde.

Ìsàmì ń kọ́? Àmì ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ lè gba àmì láìmọ nǹkan kan. Òbí àti ìjọ ló ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un. Ẹnu àwọn ìjọ tó ń ṣe é fún ọmọ ọwọ́ la ti ń gbọ́ ọ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1884, kò mú èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Baptisi" ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n fi ohùn Yorùbá pè. Lójú tèmi ọgbọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ òǹkàwé kò rí nǹkan kan tú nínú rẹ̀.

Ní 1609 ni John Smyth àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan dá ìjọ irú èyí sílẹ̀ ní Amsterdam. Nígbà yẹn, orí ni wọ́n ń da omi lé. Ó di nǹkan bí 1641 ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó máa tẹ ènìyàn bọ omi. Nítorí náà, pé kí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ló ṣáájú. Ọ̀rọ̀ omi púpọ̀ ló tẹ̀lé e. Ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Jefferson Bowen, ló gbé ẹ̀kọ́ náà dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1850. Ó dé Kétu wa níhìn-ín ní 1851, a sì tẹ ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde ní 1858.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta ni ti ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin tí wọ́n sàmì fún ní kékeré fẹ́ wọ ìjọ ọkọ rẹ̀, wọ́n ní kó wá ṣe ìtẹ̀bọmi. Bàbá rẹ̀ á fa ìbínú yọ: "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é ni? Ṣé kèfèrí ni mo bí?" Lójú Onítẹ̀bọmi, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Wọn kò ka ti ìgbà ọmọ ọwọ́ sí ìtẹ̀bọmi, nítorí ọmọ náà kò tíì lè gbàgbọ́. Wọn kò sọ pé Bàbá kò sin Ọlọ́run. Ẹ̀yin àna, ẹ má fi "tún" sí i nígbà tí ẹ bá ń bá wọn sọ ọ́: "tún" yẹn gan-an ló ń dun àgbà.

Àwọn náà kì í fi ọmọ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń yà á sí mímọ́: wọ́n á gbàdúrà, kò sí omi. Ìtẹ̀bọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ìlànà ni wọ́n ń pe méjèèjì, ohun tí Jésù pa láṣẹ. Wọn kò gbà pé omi tàbí oúnjẹ fúnra rẹ̀ ló ń gbani là. Ìjọ náà, láti inú jọ ni: àwọn tó kó ara wọn jọ. Wọ́n ń yan olùṣọ́-àgùntàn wọn fúnra wọn, kò sí bíṣọ́ọ̀bù lórí wọn.

Ẹ kọ mẹ́rin yìí sínú ìwé yín: tẹ̀bọmi, rìbọmi, sàmì, yà sí mímọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó tú àdúrà àti wàásù, tí àwa àti àwọn Mùsùlùmí jọ ń lò.