Wúrà Tí Àwọn Ìyá Wa Fi Sílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)

Inú wa dùn púpọ̀ pé ẹgbẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìpàdé ti ọdún yìí lé wa lọ́wọ́. Lọ́dọọdún ni a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn àti ti ilé-ẹ̀kọ́ níhìn-ín, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan wọ̀nyí ni ìlú fi ń gòkè. Ṣùgbọ́n bí ilé bá dàrú, ìlú kò lè tòrò. Nítorí náà ni a ṣe tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ nípa ohun kékeré kan tí ó ti tú ọ̀pọ̀ ilé ká láàárín wa, èyí nnì ni wúrà tí àwọn ìyá wa fi sílẹ̀.

Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ni a fẹ́ sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tí kò ní mọ́tò, tí kò ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lè ní yẹtí kan nínú àpótí, tí a fi àkísà wé, tí ìyá gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo wa ni a sì mọ ibi tí púpọ̀ nínú wúrà bẹ́ẹ̀ ti wá. Àwọn òbí wa, àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho, lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Gánà, tí à ń pè ní Gold Coast títí di ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1957. Wọ́n ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti oríṣiríṣi ọjà ní Kùmásì, ní Tàmálè àti ní Àkírà. Àwọn ará ibẹ̀ a máa pè wọ́n ní Aláta. Wúrà kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ náà. Kí owó òyìnbó tó gba ìgboro, ìyẹ̀fun wúrà ni àwọn Àṣáńtì fi ń ná ọjà, òṣùwọ̀n idẹ kéékèèké tí a rọ bí ẹyẹ, bí ẹja àti bí ènìyàn ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Láti ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ òyìnbó ti ń wa wúrà ní Obuasi.

Ìyá tiwa ta aṣọ ní ọjà Kùmásì fún ọdún mọ́kàndínlógún. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Bí èrè bá wọlé, kò ní ná an tán. Yóò lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà, yóò ra òrùka tàbí yẹtí. Nígbà tí a wà ní kékeré, a rò pé afẹ́ ni. Ìgbà tí a dàgbà ni a tó mọ ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka oríṣi owó tí obìnrin kan ṣoṣo yìí ná láyé rẹ̀: ó ná pọ́n-ùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ná pọ́n-ùn Gánà tí ó jáde ní ọdún 1958, ó ná sídì ti ọdún 1965, ó ná sídì tuntun ti ọdún 1967, ó dé ilé ó ná pọ́n-ùn Nàìjíríà, ó sì tún ná náírà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973. Oríṣi mẹ́fà ni. Ní ọdún 1984, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó kó owó sábẹ́ ìbùsùn sunkún. Ìyá wa kò sunkún. Wúrà rẹ̀ kò ní àwọ̀ tí ìjọba lè pààrọ̀.

Ohun tí ó wà nínú àpótí rẹ̀ nìyí: ẹ̀gbà ọrùn méjì, yẹtí oríṣi mẹ́ta, òrùka méjì, àti owó wúrà mẹ́ta tí òyìnbó ń pè ní sovereign. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti jogún owó wúrà wọ̀nyí. Orí Ayaba Victoria wà ní ojú kan. Ní ojú kejì, ọkùnrin kan wà lórí ẹṣin tí ó ń pa ẹranko abàmì. Ní alẹ́ ọjọ́ ọdún, ìyá wa a máa gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ bí ó ti wúwo tó. Lẹ́yìn náà yóò gbà á padà, yóò sì ti àpótí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní ilẹ̀ Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò nílò kí a tún un sọ. Àwìn tí ó wà níta kò ṣe é gbà mọ́. Ọjà tí ó wà ní ìsọ̀ di títà ní ọ̀pọ̀. Ìyá wa rán wúrà rẹ̀ mọ́ inú tòbí, ó ró ìró mẹ́ta lé e, ó sì jókòó lé e lórí nínú ọkọ̀ akẹ́rù, láti Kùmásì la ilẹ̀ Tógò já, la ilẹ̀ Dàhòmì tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí já, títí a fi wọ ilé. Òrùka méjèèjì ni ó tà tí ó fi gba ìsọ̀ ní ọjà ìlú wa. Báyìí ni àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe rí oúnjẹ jẹ.

Ní ọdún 1986, ìyá wa kú. Nígbà tí ìnáwó parí, a jókòó láti ṣí àpótí. Ẹ̀gbà ọrùn kan, yẹtí oríṣi kan àti owó wúrà kan ṣoṣo ni a bá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni ó ti ń tọ́jú ìyá láti ìgbà tí ara rẹ̀ kò ti dá, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó pè é ní olè. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a yíjú wò ó. Àbíkẹ́yìn wa sì béèrè pé, "Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?" Ẹyin ni ohùn, bí ó bá bọ́, kò ṣe é kó. Ẹ̀gbọ́n wa gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí ẹní, ó dìde, ó lọ sí ilé ọkọ rẹ̀. Fún ọdún mẹ́sàn-án, kò tẹ agbo ilé wa mọ́. A gbé ìyàwó, a sọ ọmọ lórúkọ, a sìnkú, kò wá.

Ní ọdún 1995, a ń tún òrùlé ilé ìyá wa ṣe. Káfíńtà bá agolo bisikíìtì kan ní àjà. Ìwé àwìn ìyá wa ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí olùkọ́ kan ládùúgbò máa ń bá a kọ. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, lẹ́yìn orúkọ àwọn ajigbèsè, a rí ìlà mẹ́ta. Ní ọdún 1978, ó ta owó wúrà méjì fún owó ilé-ẹ̀kọ́ girama àbíkẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó di ọdún 1979 kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1981, ó ta ẹ̀gbà ọrùn kan láti sin bàbá wa. Ní ọdún 1983, ó ta yẹtí oríṣi méjì fún ilé ìwòsàn. Ìgbà tí a sin bàbá wa, gbogbo wa rò pé àjọ ni ìyá kó. A kò tilẹ̀ béèrè. Àbíkẹ́yìn tí ó béèrè ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, tí ó fi owó wúrà ka ìwé láìmọ̀, òun ni ó ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

A mú ìwé náà, a mú obì, a lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa. Ó wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, "Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ìyá rán mi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ, kí ẹ má baà rò pé ẹ jẹ òun ní gbèsè. Bí ẹ bá ti béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi, ǹ bá sọ. Ẹ kò béèrè. Kọ́kọ́rọ́ ni ẹ béèrè." Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Àwa béèrè, a sì ṣìnà, nítorí pé ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè wa. Ẹ̀gbọ́n wa dárí jì wá, ó sì bá wa gbé títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án yẹn, kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ ọ́ padà fún wa.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé wúrà kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ìrántí a máa dípẹtà. Ohun tí kò bá sí ní àkọsílẹ̀, ìfura ni yóò bá wa kọ ọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa. Wúrà tí kò ní àbùlà ni à ń pè ní kárátì 24. Kárátì 22 jẹ́ ìpín 22 wúrà nínú ìpín 24. Kárátì 18 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kárátì 9 kò tó ìdajì. Owó wúrà sovereign jẹ́ kárátì 22, ó sì wọ̀n tó gíráàmù 7.98. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ rí i kí a wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀, kí ó sì béèrè iye tí wúrà ń lọ lọ́jọ́ náà. Kí ó má ṣe fi iye àtijọ́ ṣòwò: títí di ọdún 1971, dọ́là 35 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi iye wúrà sí fún áúǹsì kan, nígbà tí ó fi di oṣù kìíní ọdún 1980, ó ti gun 850 lọ́jà. Owó wúrà tí a bá yọ́ tàbí tí a jó irin mọ́ kí a lè so ó kọ́ ọrùn ti pàdánù ohun kan. Wúrà rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ọdún tí a rọ ọ́ àti àwòrán ara rẹ̀ lè parẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa pípín rẹ̀ pẹ̀lú. Ní àṣà wa, ohun ìní bàbá olórogún ni a ń pín ní ìdí-igi tàbí ní orí-ojorí. Ní ọdún 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ilé ẹjọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà, àti pé bí ìjà bá wà lórí ìpín, olórí ẹbí lè pinnu pé orí-ojorí ni kí a lò. Ṣùgbọ́n ti ìyá kò rí bẹ́ẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni. Gbogbo ọmọ tí ó bí, ọkùnrin àti obìnrin, ni ó ni ín. Síbẹ̀ a kò lè gé ẹ̀gbà ọrùn kan sí ọ̀nà mẹ́fà. Nítorí náà ó sàn kí ìyá fúnra rẹ̀ sọ ẹni tí yóò gba èyí, ẹni tí yóò gba tọ̀hún. Bí ó bá fẹ́ kí òfin gbè é lẹ́yìn, kí ó ṣe ìwé ìhágún, kí ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ìpín níbẹ̀ fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní owó nínú. Kí olúkúlùkù ilé ra ìwé kan. Kí a kọ ohun tí ó wà nínú àpótí síbẹ̀: bí ó ti rí, bí ó ti wúwo tó, ibi tí a ti rà á, ẹni tí ó fi sílẹ̀. Bí a bá tà á, kí a kọ ọdún tí a tà á àti ohun tí a fi owó rẹ̀ ṣe. Kí ìwé náà jẹ́ ẹ̀dà méjì, lọ́wọ́ ọmọ méjì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a kà á sí etí gbogbo ọmọ, kí ìyá sì wà láàyè láti dáhùn. Ẹ má ṣe gbé e wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ o, ẹ má sì fi han àlejò. Olè náà mọ ìwé kà.

Owó wúrà kan tí ó kù ní ilé tiwa wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin àgbà tí ẹ̀gbọ́n wa bí. Gbogbo ìdílé ni ó fohùn ṣọ̀kan bẹ́ẹ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ ọdún, yóò gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọdé lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ fún wọn ohun tí àwọn méjì yòókù rà.

Ọlọ́run yóò dá ẹgbẹ́ wa sí. Ìlú wa yóò máa tòrò.