Èló Ni Ó Yẹ Kí A Ra Wọ́ránǹtì?

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ mọ́ ìwé kan tí ń jẹ́ wọ́ránǹtì. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù: kì í ṣe èyí tí ọlọ́pàá máa ń mú wá sí ilé ẹni. Ti ọjà ìpín ni mo ń wí. Ilé-iṣẹ́ kan yóò fún ènìyàn ní ìwé pé, títí di ọjọ́ báyìí, ó ní ẹ̀tọ́ láti ra ìpín kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ní iye kan pàtó, ìbáà ti wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jà. Bí kò bá wù ú, kò di dandan kí ó rà á. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ń tà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ṣùgbọ́n èló?

Ìbéèrè yìí da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú pẹ́. Louis Bachelier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ìṣirò irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ní Paris ní 1900; àléébù tirẹ̀ ni pé ó fi àyè sílẹ̀ kí iye ìpín lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Case Sprenkle ní 1961 àti Paul Samuelson ní 1965 tún èyí ṣe. Ṣùgbọ́n kí a tó lo ìlànà tiwọn, a ní láti kọ́kọ́ mọ bí iye ìpín náà yóò ti máa pọ̀ sí i tó lọ́dọọdún. Ta ni ó mọ̀ ọ́n?

Ní 1973, Fischer Black àti Myron Scholes tẹ ìlànà kan jáde ní Amẹ́ríkà tí kò béèrè irú àbá bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kékeré ṣàlàyé, láìka èlé owó sí. Ká ní ìpín kan jẹ́ 100 dọ́là lónìí, tí yóò sì di 140 tàbí 80 ní ọdún tí ń bọ̀. Wọ́ránǹtì wa gbà wá láyè láti rà á ní 110. Bí ó bá di 140, a jèrè 30. Bí ó bá di 80, a ó sọ ìwé náà nù. Ẹni tí ó bá rò pé méjèèjì lè ṣẹlẹ̀ bákan náà yóò pín 30 sí méjì, yóò sì wí pé 15 ni iye rẹ̀. Rárá o, 10 ni. Ẹni tí ó bá mú 10 dọ́là tirẹ̀, tí ó yá 40 kún un, tí ó sì fi ra ìdajì ìpín, yóò ní ohun kan náà gẹ́lẹ́. Bí ìpín bá di 140, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 70. Yóò san gbèsè, 30 yóò kù. Bí ó bá di 80, ìdajì jẹ́ 40, gbèsè yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá fi 15 ra ohun tí ó lè fi 10 ṣe fúnra rẹ̀?

Wọ́ránǹtì tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ìpín tuntun ni ilé-iṣẹ́ yóò tẹ̀ fún ẹni tí ó mú un wá, bí àlejò tí ó gbé oúnjẹ díẹ̀ wá ṣùgbọ́n tí ó jẹ ju èyí tí ó gbé wá lọ. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó tó 12,000 dọ́là bá ní ìpín 100, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120. Bí àwọn oníwọ́ránǹtì bá ra ìpín tuntun 20 ní 90 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ yóò di 13,800 lórí ìpín 120, ẹyọ kan yóò sì di 115. Èrè wọn jẹ́ 25, kì í ṣe 30. Ẹni tí kò bá rántí èyí yóò ra ọjà ní ọ̀wọ́n.

Àwọn tí ó dá ìlànà náà sílẹ̀ gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ àdánù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n fi ìṣirò wọn yẹ àwọn wọ́ránǹtì ọjà wò, wọ́n sì rí i pé ti ilé-iṣẹ́ National General ni ó pọ́ jù. Wọ́n rà á. Fún ìgbà díẹ̀ ó dà bí ẹni pé ó ti bọ́ sí i fún wọn. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ American Financial kéde pé òun fẹ́ ra àwọn ìpín National General, ní ọ̀nà tí ó bu iye wọ́ránǹtì náà kù gidigidi. Black fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, láìtijú, pé ọjà ti mọ ohun tí ìṣirò àwọn kò mọ̀.

Mo ti kọ àpẹẹrẹ ìpín 100 dọ́là náà sí ojú pátákó yìí. Ẹ fi 160 rọ́pò 140, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ bá rí fún mi.